Ẹni Tó Ń Lọ Ló Ń Sọ Pé Òun Ń Bọ̀

Ìyá mi àgbà kò lè kọrin. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde láyé ni àwọn kan ní Ìjẹdẹ ti ń pè wọ́n ní ìyá olórin, bí ẹni pé ohùn wọn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Ohùn wọn le bí igi gbígbẹ. Ìyá kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù sọ fún mi pé ńṣe ni àwọn bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà láti máa pàtẹ́wọ́ nìkan. "Tó bá ti lanu pẹ́nrẹ́n," ìyá náà wí, "gbogbo wa la máa ṣìnà." Síbẹ̀, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, olórin wo ni kò mọ ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà? Bí a bá fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kan ni wọ́n ní: "Èmi ò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n mo mọ ilé ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ."

Àwọn ló ń wá olórin fún ọjọ́ orin tí a máa ń ṣe lọ́dọọdún lórí pápá etí ọ̀sà ní Ìjẹdẹ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ti ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo kí bàbá mi àgbà tó fẹ́ wọn wá sí Ìjẹdẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè wọ́n ní Ìyá Olúwo. Ìgbìmọ̀ ọjọ́ orin kò lówó. Ohun tí wọ́n ń rí kó jọ kò lè mú olórin tó gbajúmọ̀ dìde lórí àga, síbẹ̀ kò sí ọdún tí orin kò dún.

Kò gbọdọ̀ sí ọdún tí kò ní dún, nítorí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Pápá yẹn jẹ́ ti ẹbí bàbá mi àgbà. Ilẹ̀ etí omi ti gbówó lórí, Bàbá Odùsànyà tí í ṣe olórí ẹbí sì fẹ́ gé e sí púlọ́ọ̀tì kí wọ́n tà á. Ìyá Olúwo kọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Ìyá Olúwo ní bí wọ́n bá mọ ògiri yí i ká, ọ̀sà á di ohun tí a ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn ilé onílé. Níwájú gbogbo ẹbí, àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn: níwọ̀n ìgbà tí orin bá ń dún lórí pápá lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ọdún tí kò bá dún, kí Bàbá tà á.

Ìyá Olúwo ti lọ báyìí. Ẹbí pe ìpàdé sí ọjọ́ kejì àdúrà ogójì ọjọ́ wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ yanjú níbẹ̀: àdéhùn tí a bá ẹni tó ti kú ṣe, ṣé ó ṣì múlẹ̀? Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú. Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn tó mọ̀ wọ́n, kí n lè ní ohun tí mo máa gbé síwájú ẹbí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ló pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ ń kà yìí.

Kàmọ́rù tó ń kọ fújì ń gbé lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Ó gbé àga fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó bi í ní nǹkan kan. Ó ní nínú ààwẹ̀ ni Ìyá Olúwo máa ń wá. Kò sẹ́ni tó ń pe onífújì sí òde nínú ààwẹ̀, gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á jókòó sílé, ọkàn wọn á sì rọ̀. Ìyá mi àgbà kì í bá olórin sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ààwẹ̀. Wọ́n ní ìbínú ni yóò fi dá ènìyàn lóhùn. Kí ìṣínu tó tó ni wọ́n máa ń wọlé, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo á wà lórí wọn, àrọ̀ àti ọbọ̀kún tó gbẹ dáadáa. Inú ilé ìdáná ni wọ́n máa ń gbà lọ tààrà, lọ bá ìyá Kàmọ́rù. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣa ẹja sínú ìkòkò ọbẹ̀. Títí gbogbo ilé á fi jẹun tán, wọn ò ní dárúkọ orin.

"Ìgbà tí mo bá ń lá ọwọ́ ni wọ́n á tó sọ ọ́," Kàmọ́rù wí. "Wọ́n á ní ọjọ́ orin àwọn ti ń sún mọ́lé. Mo ní, ó dáa Ìyá, àsansílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n wo àwo mi, wọ́n ní, 'O ti jẹ ẹ́.'"

Gbogbo olórin ló ní ìgbà tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn oníjùjú, ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń lọ bá wọn, nígbà tí òde ọ̀sẹ̀ bá ti tán, tí oorun sì ti dá lójú wọn. Obìnrin tó ń kọ wákà ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Wọ́n kórìíra kí a fi fóònù pe olórin. Tísà Ṣówándé, akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, gbìyànjú lọ́dún kan láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìyá Olúwo kò bá a wí. Wọ́n ní, "Tísà, fóònù ò gbóòórùn ẹja."

Wọn kì í béèrè pé èló ni olórin máa gbà. Wọ́n á béèrè pé ẹnu mélòó ló ń bọ̀. Ẹnu yẹn ni wọ́n ń sè fún. Pákó tí a fi ń ṣe ìtàgé, ọwọ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi la ti ń yá a, okùn la sì fi ń dì í pọ̀, nítorí pákó tí ìṣó bá ti wọ̀ kò wúlò fún wọn mọ́. Jẹnẹrétọ̀, láti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n Ìyá Olúwo kì í yá oúnjẹ, ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n sì ń gbé ìkòkò sí, kí àwọn olórin lè jẹ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ. Èyí bí ìjà. Tísà sọ fún mi pé ọdún kan wà tí káńsílọ̀ dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì, wọn ò rí nǹkan kan fi sẹ́nu, àwọn onílù sì ń jẹ ìrẹsì lọ ràì níṣojú wọn. Tísà sáré lọ bá Ìyá Olúwo lẹ́yìn ìtàgé, ó ń làágùn, ó ní Ìyá, káńsílọ̀ ò tíì jẹun o. Wọn ò gbé ojú sókè nínú ìkòkò. "Ṣé káńsílọ̀ ló máa kọrin?"

Ìjà tó gùn jù láyé wọn ni ti àwọn àti Bàbá Odùsànyà, ó sì jẹ́ ìjà tó ní ọ̀wọ̀ jù tí mo rí rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá Olúwo fi ọjọ́ orí ju Bàbá lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wọlé ọkọ, ọmọ ọwọ́ ni Bàbá, ẹ̀yìn wọn ni Bàbá sì ti mọ ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Nítorí náà, títí wọ́n fi jáde láyé, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n, "ọkọ mi" ni wọ́n sì ń pè é. Bàbá náà ń pè wọ́n ní "ìyàwó mi", ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí "ẹ" ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ" yìí ni àwọn méjèèjì fi ń ja ìjà wọn. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú yín wọ ilẹ̀ yẹn." "Ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ebi pa ọmọ yín nítorí orin."

Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn pàṣẹ fún Bàbá, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló wẹ̀ ẹ́. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń gé. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, mo mọ ibi tí àpá wà ní ìdí ẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ ọkọ mi."

Mi ò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń sọ. Iṣẹ́ dá mi dúró sí Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Tísà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Kàmọ́rù tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, mo sì ré ọ̀sà kọjá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Èlíṣà tó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò tako ara wọn.

Ọdún náà, jẹnẹrétọ̀ mọ́ṣáláṣí bàjẹ́, ìgbìmọ̀ ní láti háyà òmíràn, oúnjẹ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni agbára wọn sì ká mọ́. Kàmọ́rù ni. Ó dé láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n wo ìtàgé. Nígbà tí Ìyá Olúwo lọ kí ìrun àílà lọ́sàn-án, ìpè wọlé sórí fóònù Kàmọ́rù. Òde ńlá kan ní Ìkòròdú ni. Olórin tí wọ́n pè ti já wọn kulẹ̀, wọ́n ń wá onífújì kíákíá. Kàmọ́rù kó ẹrù rẹ̀ padà sínú bọ́ọ̀sì. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Tísà, a ń bọ̀." Tísà gbé maìkì, ó kéde fún gbogbo pápá pé kí wọ́n fara balẹ̀, onífújì ń bọ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ tí Ìyá Olúwo kórìíra tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó wà lọ́nà ní òun ń bọ̀, ẹni tó ń jáde nílé náà ní òun ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ń sin olóòótọ́ àti òpùrọ́ bákan náà kò yẹ lẹ́nu olórin. Àwọn fúnra wọn kì í lò ó. Bí wọ́n bá ń jáde, "Mo lọ" ni wọ́n máa ń wí, gbangba. Àwọn ọmọ wọn á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní padà wá ni. Wọn ò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìrun dé, tí Tísà sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bi í pé nígbà tí Kàmọ́rù ní òun ń bọ̀, ṣé ó ń wọlé ni àbí ó ń jáde. Tísà ní ó ń jáde ni. Ẹnu Tísà ni mo ti gba èsì wọn sílẹ̀:

"Ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ ló ń sọ pé òun ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀, ojú la fi ń rí i."

Bàbá Odùsànyà ti wà lábẹ́ kánópì, ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ jókòó tì í. Bàbá kàn ń wo oòrùn. Ìyá Olúwo kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n dìde, wọ́n gba èbúté lọ.

Ní òdìkejì ọ̀sà, abúlé kan wà tí àwọn apẹja tó wá láti etí òkun Oǹdó ń gbé. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ìjọ wọn sì ní ẹgbẹ́ afọnfèrè tí Èlíṣà jẹ́ olórí wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè láti wá ṣeré lórí pápá wa, ìgbìmọ̀ sì ń sọ pé ti ọmọ ìlú ni. Ìyá Olúwo nìkan ló ń jà fún wọn, ohùn àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ sì ń borí tiwọn.

Èlíṣà ní àwọn ń gbáradì fún ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìyá arúgbó kan tó fi híjáàbù borí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ti bọ́ bàtà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Mo ní ìyá yìí mọ ilé Ọlọ́run, ilẹ̀kùn mìíràn ló kàn ń gbà wọlé."

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá láìfi ọ̀kan pa mọ́: pé onífújì ti sá, pé bí orin kò bá dún kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ ti lọ. Èlíṣà ní inú bí òun. Ó rán wọn létí pé ìlú wọn ló ní àwọn kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ìyá Olúwo ní òótọ́ ni. "Èmi náà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mi wá ni. Ẹ jẹ́ kí àwa àlejò lọ bá wọn di ilẹ̀ wọn mú."

Ọ̀kan nínú àwọn afọnfèrè wá béèrè ohun tí wọ́n máa fún àwọn. Èlíṣà ní òun rí i pé ọ̀rọ̀ náà le fún Ìyá Olúwo. Wọ́n ní ohun tí àwọn ní kò ju ẹja yíyan lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá," ni Èlíṣà wí, "ẹja lẹ fẹ́ fún apẹja?" Ìyá Olúwo náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní bí ẹja kò bá wúlò, ìjókòó ńkọ́. Pé ibi tí wọ́n bá jókòó sí lórí pápá lónìí, bí ẹ̀mí àwọn bá ṣì wà, ẹnikẹ́ni kò ní dá wọn dìde níbẹ̀ mọ́.

Èlíṣà wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní kí Ìyá máa lọ, kí àwọn wọṣọ, àwọn ń bọ̀.

Ó sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lẹ́nu òun ni Ìyá Olúwo wá ibi jókòó sí lórí ìjókòó ìjọ. Wọ́n ká ọwọ́ sáyà. "Ẹ wọṣọ," wọ́n ní. "Ẹni tó bá ń bọ̀, a jọ ń bọ̀ ni."

Kí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹdẹ tó rí ọkọ̀, fèrè ti dún lójú omi. Tísà ní àwọn tó ti ń kó àga lọ sílé dúró. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kúrò nídìí iná. Ọkọ̀ náà yọ, ẹ̀wù funfun kún inú rẹ̀, híjáàbù dúdú kan sì wà láàárín wọn, ìlù ńlá ìjọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ dé orí ìtàgé kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Odùsànyà dìde lábẹ́ kánópì, ó rìn dé etí omi, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ni wọ́n lọ kó wá yìí.

Ìyá Olúwo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ṣé orin dún àbí kò dún?"

Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Ìyàwó mi," Bàbá wí, "ó dún."

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ Èlíṣà ló ń ṣí ọjọ́ orin wa, láti ojú omi. Ní ti Kàmọ́rù, ó ní òun ń retí èpè. Èpè kò dé. Ààwẹ̀ ọdún kejì ló dé, Ìyá Olúwo sì wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja, wọ́n lọ sí ìdí ìkòkò bí ìṣe wọn. Nígbà tí ọjọ́ orin pé, Kàmọ́rù ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó bá wọn tí wọ́n ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, níwájú, lórí ìjókòó tiẹ̀. Bó ti sọ èyí fún mi, ó wojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹja tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí mo já wọn kulẹ̀, eegun ẹ̀ ṣì há mi lọ́fun."

Nígbà tí àìsàn dé sí Ìyá Àgbà, àárọ̀ ni a gbé wọn kúrò ní Ìjẹdẹ lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn mọ́tò. Bàbá Odùsànyà jáde wá, pákò lẹ́nu, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà fẹ́ kúnlẹ̀, ara kò gbà. Wọ́n tẹ orí ba. Mo ń retí "Mo lọ" tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "mo ń bọ̀."

Bàbá yọ pákò lẹ́nu. Èmi àti Bàbá wo ara wa. Ìyá Àgbà kò padà wá mọ́.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní pálọ̀ Bàbá. Mo ti to ohùn gbogbo ènìyàn sílẹ̀: ti Kàmọ́rù, ti Èlíṣà, ti Tísà. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá ní kí n jókòó, màá sọ ọ́ lórí ìdúró. Arákùnrin kan láti Ìkòròdú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Ìyá Olúwo ṣe bẹbẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àdéhùn láàárín ẹni méjì ni, ọ̀kan sì ti lọ. Àwọn kan mi orí. Mo dìde.

Bàbá Odùsànyà na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó bi mí pé èmi ni mo wà nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ni ìyàwó òun sọ fún òun?

Mo ní wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò sọ ọ́ rí."

Bàbá yíjú sí àwọn ẹbí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹni tó gbé mi pọ̀n ní òun ń bọ̀. Ta ni nínú yín ló fẹ́ ta ibi tí wọ́n máa bọ̀ sí?"

Arákùnrin Ìkòròdú wo bàtà rẹ̀. Mo ṣì wà lórí ìdúró, ẹ̀rọ mi lọ́wọ́, gbogbo ohùn tí mo kó jọ wà nínú rẹ̀, n kò sì tíì tẹ ọ̀kan. Bàbá na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ó wá rántí nǹkan.

"Àjọkẹ́, ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbà wo lo ń lọ ra ẹja?"